Bí a bá ń fi òkè òkun wé ilé, kí ni a ń wọ̀n gan-an?

Ẹ̀gbọ́n kan wà lókè òkun, àbúrò rẹ̀ wà nílé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣírò iye tí ẹ ń gbà lóṣù. Tí n bá sọ ọ́ di owó tiwa níhìn-ín, ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ wa kò gba ìdajì rẹ̀. Ẹ wá ń sọ pé kò sówó lọ́wọ́ yín?" Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ohun tó ń wọlé ni ìwọ ṣáà ń ṣírò. Ṣé o mọ ohun tó ń jáde?" Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó ń purọ́. Òṣùwọ̀n tí oníkálukú gbé dání ni kò bára mu.

Àwọn kan gbà pé ohun gbogbo dára lókè òkun, pé ilé kò ní nǹkan kan. Àwọn kan ní ẹrú tó wọ aṣọ tó dára ni gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé oko bàbá òun ló tóbi jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé oko bàbá ẹlòmíràn náà lè ṣìnà, tó bá jẹ́ etí oko nìkan ló dúró sí. Mo fẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní, nítorí àwọn ènìyàn ń tìtorí ìfiwéra tí kò péye ta dúkìá, wọ́n ń fi ọmọ àti aya sílẹ̀, wọ́n sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ara wọn.

Onígbàjámọ̀ méjì

Ibi pàṣípààrọ̀ owó ni àṣìṣe ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ń sọ iye tí báńkì àti oníṣòwò ń fi owó kan ra òmíràn lónìí. Epo rọ̀bì, ẹ̀rọ, oògùn, gbèsè orílẹ̀-èdè àti owó àwọn olùdókòwò ló ń gbé e sókè, tó ń gbé e sísàlẹ̀. Kò mọ iye tí wọ́n ń gba owó ilé ní ìlú kankan. Kò mọ iye tí wọ́n ń gbà láti tún bàtà ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo onígbàjámọ̀ méjì. Ọ̀kan wà ní orílẹ̀-èdè olówó, èkejì wà níbi tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi ń gé irun. Orí kan ń gba ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, èkejì tilẹ̀ lè mọ iṣẹ́ ju èkíní lọ. Síbẹ̀, tí a bá fi pàṣípààrọ̀ ṣírò owó tí wọ́n gbà, ti èkíní lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èkejì. Kì í ṣe ọwọ́ wọn ló fa ìyàtọ̀ náà. Ní ìlú olówó, ẹni tó lè gé irun tún lè lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ ńlá ṣe ọjà fún gbogbo ayé, owó oṣù ibẹ̀ sì ga. Bí owó irun kò bá ga tẹ̀lé e, kò ní sẹ́ni tó máa fẹ́ gé irun mọ́. A kò sì lè kó orí sínú ọkọ̀ òkun lọ gé ní ibi tó ti rọjú. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Béla Balassa àti Paul Samuelson, ṣe àlàyé yìí ní ọdún 1964, kálukú nínú ìwé tirẹ̀. Òun ló jẹ́ ká mọ ìdí tí ohun gbogbo tó jẹ mọ́ ọwọ́ ènìyàn fi wọ́n ní ìlú olówó: irun gígé, aṣọ rírán, ọmọ títọ́jú, ilé kíkọ́.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi wá òṣùwọ̀n mìíràn. Ní ọdún 1968, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Yunifásítì Pennsylvania dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti mọ iye tí ọjà kan náà jẹ́ ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí Báńkì Àgbáyé ló ń darí rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 2021 sì kárí orílẹ̀-èdè àti agbègbè 176. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ ọjà lọ, wọ́n ń kọ iye owó oúnjẹ, aṣọ, owó ilé, owó dókítà àti owó ọkọ̀ sílẹ̀. Láti inú èyí ni wọ́n ti ń rí ohun tí à ń pè ní agbára ìrajà: iye ọjà tí owó orílẹ̀-èdè kan lè rà nínú orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀. Tí a bá fi agbára ìrajà wọn owó tó ń wọlé fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ó sábà máa ń tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tí pàṣípààrọ̀ sọ. Àlàfo náà kò parẹ́ o, ṣùgbọ́n kò jìn bí a ṣe rò.

Ẹ má sì sọ pàṣípààrọ̀ nù. Ohun tó ti òkè òkun wá, bíi fóònù, oògùn kan, ẹ̀yà ara ọkọ̀ tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kò mọ̀ pé owó ìlú kan kò lágbára. Iye tí ayé ń tà á ni wọ́n ń tà á fún gbogbo wa. Ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré tó sì ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, pàṣípààrọ̀ ló ń jẹ ẹ́ níyà ní tààrà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti takókó nìyí. Ibi tí nǹkan ti wọ́n ni ẹ̀gbọ́n ti ń ná owó rẹ̀, nítorí náà owó náà kéré lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá fi ránṣẹ́ sílé bọ́ sí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ àti owó ilé kò ti wọ́n, ó sì wú lójú ẹsẹ̀. Owó kan náà ni. Ohun tí ẹ̀gbọ́n fi gé irun lẹ́ẹ̀kan lè gé irun gbogbo ọmọ tó wà nílé àbúrò. Àbúrò wá rò pé gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì rò pé àbúrò kò moore. Àwọn méjèèjì ń jẹ̀bi lọ́dọ̀ ara wọn lórí ohun tí kò kan ìwà.

Nọ́ńbà ńlá tó ń tan ojú

Lẹ́yìn owó oṣù, GDP ni àwọn ènìyàn tún máa ń fà yọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni àpapọ̀ iye owó gbogbo ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n pèsè nínú orílẹ̀-èdè kan láàárín ọdún kan. Tí a bá pín in kárí orí, a ó sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iye báyìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pín in kárí orí. Lórí ìwé nìkan ni wọ́n ti pín in.

Ní ọdún 2016, wọ́n kéde pé ọrọ̀ ajé Ireland fi ìdá 26 nínú 100 dàgbà láàárín ọdún 2015 nìkan. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò rí i nínú owó oṣù rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ àgbáyé ńláńlá kan ló gbé ẹ̀tọ́ ohun tí wọ́n hùmọ̀ àti àwọn dúkìá mìíràn wá síbẹ̀ lórí ìwé, torí owó orí ibẹ̀ kéré. Owó náà gba Ireland kọjá, kò yà sílé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn oníṣirò Ireland fúnra wọn rí i pé nọ́ńbà yẹn kò ṣeé fi wọn ìgbé ayé ará ìlú mọ́, wọ́n sì gbé òṣùwọ̀n mìíràn jáde ní ọdún 2017, tó yọ irú owó tó kàn ń kọjá lọ bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ti Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọ́n tún ìṣirò ṣe. Ọdún 1990 ni wọ́n ti ń lò bí ìpìlẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n fi 2010 rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ka iṣẹ́ fóònù, fíìmù àti orin tí ìṣirò àtijọ́ kò kà dáadáa mọ́ ọn. Nọ́ńbà ọdún 2013 fi ìdá 89 nínú 100 ga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Nàìjíríà sì di orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ tóbi jù ní Áfíríkà nígbà náà. Ẹni tí ebi ń pa nígbà tó lọ sùn, ebi kan náà ló bá jí. Ìṣirò tuntun náà kì í ṣe irọ́. Àwọn iṣẹ́ tí wọ́n kà wà lóòótọ́, àwọn ènìyàn sì ti ń jẹun nídìí wọn tipẹ́. Ìwé ló yí padà, ìgbé ayé kò yí padà.

Simon Kuznets, ẹni tó ṣètò ìṣirò owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa èyí nínú àbọ̀ tó gbé lọ síwájú Sẹ́nétì ní ọdún 1934. Ó ní ekukáká ni a fi lè ti ara irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ bí ara ṣe dẹ àwọn ènìyàn tó. Wọ́n gba nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ìṣirò yìí rèé. Ìyá tó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin, tó ń se oúnjẹ, tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé, GDP kò ka wákàtí kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí iná kò bá sí, tí ìdílé kan bá ra jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n ń rọ epo sí i lójoojúmọ́, GDP kà á mọ́ ọrọ̀. Èéfín tí wọ́n ń fà símú, ariwo tí kò jẹ́ kí ọmọ kàwé, kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí iná rẹ̀ ń lọ, tí gbogbo ilé ń ra epo, lè dà bí ẹni pé ó ń ṣe dáadáa lórí ìwé.

Ìwé owó oṣù àti ìjọba inú ilé

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé owó oṣù ẹ̀gbọ́n sójú. Lókè rẹ̀ ni gbogbo owó tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ wà, ká pè é ní 100. Iye yìí ni àbúrò gbọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ìlà kéékèèké tó ní àmì ìyọkúrò: owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, inṣọ́ránsì ìlera, inṣọ́ránsì àìníṣẹ́. Tí ojú bá fi dé ìlà ìkẹyìn, 100 ti di 70, tàbí 65. Owó ilé a gba 30 níbẹ̀. Iná àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru nígbà òtútù, wọ́n á gba tiwọn. Owó ọkọ̀, owó fóònù, owó ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé sí, èyí tó lè jẹ ju owó ilé lọ ní àwọn ìlú kan. Ó lè ku 8. Ó lè ku 3. Iye tó kù yìí ni ẹ̀gbọ́n ń rí nígbà tí àbúrò ń rí 100.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n náà kò tíì sọ̀rọ̀ tán, nítorí àwọn ìlà ìyọkúrò yẹn kì í ṣe olè. Ní Denmark, owó orí tí ìjọba ń gbà lé ní ìdá 40 nínú 100 gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún. Ọmọ ibẹ̀ kì í sanwó ilé ìwé ní yunifásítì, kì í sì í fi owó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí dókítà tó wò ó. Owó náà yọ kúrò nínú ìwé owó oṣù, ó sì tún padà wá gba ọ̀nà mìíràn.

Níbi tí ìjọba kò ti pèsè, owó orí lè kéré lórí ìwé, ṣùgbọ́n ilé kọ̀ọ̀kan ti di ìjọba ara rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga wọn, wọ́n ra iná wọn, wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ wọn, wọ́n bá àdúgbò dá owó tún ọ̀nà ṣe, wọ́n san owó ilé ìwé àdáni torí pé tìjọba kò ní olùkọ́ tó tó. Owó orí ni gbogbo rẹ̀. Rìsíìtì ni kò ní. Ó sì tún wọ́n ju owó orí gidi lọ, nítorí kànga ọgọ́rùn-ún ilé wọ́n ju ẹ̀rọ omi kan tó ń fún ọgọ́rùn-ún ilé lómi. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilé wé òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ gbogbo owó ìjọba inú ilé yìí sílẹ̀ lápá kan, kí ó tó sọ pé òun kì í san owó orí.

Ká má sì rò pé ìlú kan ṣoṣo ni òkè òkun. Amẹ́ríkà ń ná nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 ọrọ̀ rẹ̀ lórí ìlera, kò sí orílẹ̀-èdè ńlá tó ń ná tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, iye ọdún tí wọ́n retí pé ọmọ tuntun ibẹ̀ máa lò láyé kò tó 80, nígbà tí ti Japan tó nǹkan bí 84. Òfin ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fi dandan lé e pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dún pẹ̀lú owó. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo dandan lé agbanisíṣẹ́. Èyíkéyìí tí ẹnì kan bá ti gbé ló máa ń pè ní "òkè òkun," ó sì ń fi í jiyàn pẹ̀lú ẹni tó gbé òmíràn.

Ọdún tí ènìyàn ń lò láyé

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ iye ọdún, ẹ jẹ́ kí n tú ohun kan tó ń dí ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Tí wọ́n bá ní iye ọdún tí wọ́n retí ní ìlú kan jẹ́ 56, ọ̀pọ̀ ló rò pé àgbàlagbà ibẹ̀ ń kú ní ọmọ ọdún 56. Wọ́n á wá ní irọ́ ni, torí wọ́n mọ bàbá àti ìyá arúgbó tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo bí ìṣirò ṣe ń lọ. Ká ní a bí ọmọ mẹ́wàá. Méjì kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Mẹ́jọ yòókù lo àádọ́rin ọdún géérégé. Àpapọ̀ ọdún wọn jẹ́ 560. Pín in sí mẹ́wàá, ó di 56. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kú ní ọmọ ọdún 56. Ikú ọmọ ọwọ́ ló fa nọ́ńbà náà wálẹ̀.

Mo fara balẹ̀ síbí torí ó yí ohun tó yẹ ká béèrè padà. Ohun tó ya irú ìlú bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kì í ṣe agbára ara àwọn àgbà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi tó mọ́, agbẹ̀bí tó mọṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà tí aboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀: àwọn wọ̀nyí ló ń sọ 56 di 70. Owó wọn kò tó ti afárá ńlá tí à ń yà fọ́tò.

Mahbub ul Haq, ọmọ Pakistan, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amartya Sen, ọmọ India, ló mú irú nǹkan báyìí wọ inú òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1990, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé HDI, òṣùwọ̀n ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn, jáde. Ohun mẹ́ta ló ń pa pọ̀: iye ọdún tí à ń lò láyé, ọdún tí à ń lò nílé ìwé, àti owó tó ń wọlé tí wọ́n fi agbára ìrajà wọ̀n. Ó dára ju GDP lọ fún ẹni tó fẹ́ mọ ìgbé ayé, ṣùgbọ́n kò lè fi bí olú ìlú ṣe yàtọ̀ sí abúlé hàn ọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìfiwéra wa ti sábà ń bàjẹ́. Àárín gbùngbùn olú ìlú òkè òkun ni wọ́n máa ń yà ránṣẹ́ sí wa. Àdúgbò tó burú jù nílé ni àwa náà fi ń wé e.

Òórùn tó dé ilé aṣòfin

Ìfiwéra tún ní ọjọ́ orí. Ẹni tó rí London lónìí lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa àwọn ènìyàn àdúgbò Soho níbẹ̀ bí ìdin, kí dókítà John Snow tó tọ́ka sí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street pé omi rẹ̀ ló fà á. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, odò Thames, tí gbogbo ìlú ń da ìgbẹ́ sí, rùn débi pé àwọn aṣòfin tí ilé wọn wà létí odò náà kò lè mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n ti ṣòfin, owó jáde, ẹnjinníà Joseph Bazalgette sì gbẹ́ àwọn ojú ọ̀nà ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ tí ìlú náà ṣì ń lò. Ọgọ́rùn-ún ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́yìn ìyẹn kí èéfín tó bo ìlú kan náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní 1956.

Sweden, tí à ń fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí, ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ rẹ̀ tó sá lọ sí Amẹ́ríkà láàárín nǹkan bí ọdún 1850 sí 1930, nítorí àìní. Àwọn náà ti kọ lẹ́tà sílé rí, wọ́n ti fi owó ránṣẹ́ rí.

Mi ò sọ èyí láti wá àwáwí fún ẹnikẹ́ni. Kò pọn dandan kí ó gba igba ọdún. South Korea jáde nínú ogun ní 1953 ní ipò òṣì tó burú; ní 1996 ó ti wọ ẹgbẹ́ OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Ohun tí mo fẹ́ ká rí nínú ìtàn London ni òórùn. Ọdún pọ̀ tí òórùn náà ti wà nímú tálákà. Ọjọ́ tó dé imú aṣòfin ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Níbi tí àwọn tó ń pàṣẹ ti ń gba ìtọ́jú níbòmíràn, tí ọmọ wọn ń kàwé níbòmíràn, tí wọ́n ń mu omi inú ike, òórùn náà kò ní dé imú wọn láé. Tí mo bá fẹ́ mọ ibi tí ìlú kan ń lọ, ibi tí àwọn olórí rẹ̀ ti ń gba ìtọ́jú ni mo kọ́kọ́ ń béèrè.

Nígbà mìíràn, ilé ló wà níwájú. M-Pesa bẹ̀rẹ̀ ní Kenya ní 2007, àwọn ènìyàn ń fi fóònù lásán ránṣẹ́ owó sí ara wọn. India dá UPI sílẹ̀ ní 2016, Brazil dá Pix sílẹ̀ ní 2020, owó sì ń dé lójú ẹsẹ̀ tọ̀sán tòru. FedNow, tí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ọdún 2023 ló tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti kọ́ ilé àtijọ́ ń bẹ̀rù láti wó o. Ẹni tí kò ní ilé rí a kọ́ èyí tó bá ìgbà mu.

Ohun tí ènìyàn ń rí gbà láìmọ ẹnikẹ́ni

Nínú gbogbo òṣùwọ̀n yìí, èyí tí èmi dì mú jù kò sí nínú ìwé àwọn oníṣirò. Mo máa ń béèrè pé: kí ni ènìyàn lè rí gbà níbí láìmọ ẹnikẹ́ni? Obìnrin kan dé ìlú lánàá. Ara ọmọ rẹ̀ gbóná bí iná ní aago méjì òru. Kò mọ nọ́ọ̀sì kan, kò ní ẹ̀gbọ́n ní ilé iṣẹ́ ìjọba, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣé nọ́ńbà kan wà tó lè pè? Ṣé ẹnì kan á gbé e? Ṣé wọ́n á wo ọmọ náà kí wọ́n tó béèrè owó? Ìlú tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìlú náà ti gòkè, bí kò tilẹ̀ ní ilé gogoro kan. Ìlú tí o ti gbọ́dọ̀ mọ ẹnì kan kí o tó gba ìwé ìrìnnà, kí ọmọ rẹ tó wọ ilé ìwé, kí ọlọ́pàá tó kọ ẹjọ́ rẹ sílẹ̀, ìlú náà kò tíì débẹ̀, bí ilé rẹ̀ tilẹ̀ kan ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká yí ìbéèrè náà padà pẹ̀lú, kí a má bàa ṣègbè. Kí ni ènìyàn ń rí gbà níbí nítorí pé ó mọ ènìyàn? Ní ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́, ọmọ rẹ lè jẹun nílé aládùúgbò, ẹni tí o kò ránṣẹ́ sí a wá jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ ọ̀fọ̀, wọ́n á sì béèrè ọ tí o kò bá jáde ní ọjọ́ méjì. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ní ọdún 2018, Japan ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Ìjọba kì í yan mínísítà lórí ohun tí kò dùn ún. Olówó ni àwọn ìlú wọ̀nyí, ètò wọn sì péye, ṣùgbọ́n kò sí owó orí tó lè ra ẹni tí yóò kanlẹ̀kùn rẹ láìnídìí.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń bá ara wọn jà lórí fóònù kò gùn. Kí oníkálukú kọ gbogbo ohun tó wọlé àti gbogbo ohun tó jáde ní oṣù kan sórí ìwé, láìfi nǹkan kan pamọ́. Kí ẹ̀gbọ́n kọ gbogbo ìlà ìyọkúrò sí i. Kí àbúrò kọ epo jẹnẹrétọ̀, omi, ẹ̀ṣọ́ àti owó ilé ìwé sí i, kí ó má sọ pé ìyẹn kò kàn án. Kí wọ́n tún kọ wákàtí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, wákàtí tí wọ́n lò lójú ọ̀nà, wákàtí tí wọ́n fi tò sórí ìlà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ ìwé.

Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ka ti àbúrò, ó rí owó omi ní ibi mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti ọkọ̀ tó ń gbé omi, ti ike, ti àtúnṣe ẹ̀rọ kànga. Ó dákẹ́. Ó ní, "Mo ti gbàgbé pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sanwó omi." Àbúrò náà ti ń ka ti ẹ̀gbọ́n lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dé ibi tí wákàtí wà. Ó wo ọjọ́ Sátidé, ó wo ọjọ́ Àìkú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ẹ ń bá ènìyàn jẹun?"